Ẹrù Ogun Tàfàróà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlè, àpótí kan já bọ́ láti orí fọ́kílífù, ó sì fọ́. Ládépọ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí òun ni olórí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé ẹrù Ọ̀gá Kọ́ládé ní Mississauga lẹ́bàá Toronto, níbi tí bàálù kì í ti í jẹ́ kí òrùlé sinmi. Ohun tí wọ́n kọ sára àpótí náà ni pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ló wà nínú rẹ̀. Ládépọ̀ kúnlẹ̀ kó lè wò ó bóyá ó ti bàjẹ́, kò sì tètè dìde mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ omi. Ẹ́ńjìnnì dúdú kékeré ni, ó rí roboto, ó sì ní imú bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Ládépọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ti rí irú rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé kan ní erékùṣù Tàfàróà, tó ṣì ń rú èéfín, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dróònù, ti ju iná sáàárín àwọn ọmọ.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti spoil?" Kàmọ́rù tó ń wa fọ́kílífù bi í. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ o. Yìnyín ló wà lábẹ́ táyà."

"Kò bàjẹ́. Wá nǹkan bò ó."

Ládépọ̀ gbójú sókè. Irú àpótí yẹn kún ògiri kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù yóò wá kó wọn lọ sí Pẹ́rù.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ Tàfàróà kò ní mọ ohun tó mú géńdé ọkùnrin pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì. Nínú ayé tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè Pẹ́rù ní Gúúsù Amẹ́ríkà kò fi òkun ńlá Pàsífíìkì sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó Yúróòpù nìkan. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ní àsìkò tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn wá sí etí ọ̀sà Èkó, Pẹ́rù náà ra ọkọ̀ ojú omi onírin, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń ká àwọn erékùṣù Tàfàróà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ká ọsàn. Ó kó ọkùnrin wọn lọ ṣiṣẹ́ àṣekú. Ó fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ rẹ̀ pa orúkọ òkè wọn rẹ́. Ó na ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé ìwé. Ìran dé ìran fara dà á, títí ìran tó wà lóde báyìí fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n lé ọmọ ogun Pẹ́rù kúrò ní Faimánù, ìlú èbúté tó tóbi jù níbẹ̀. Pẹ́rù padà wá, ó sàga ti ìlú náà lójú omi àti lójú òfurufú. Ìsàgatì náà ti wọ ọdún kejì, àwọn tó wà nínú ìlú sì ti ń se awọ bàtà jẹ.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fi ọmọ ogun ránṣẹ́ láti là wọ́n níjà. Kápítéènì ni Ládépọ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ tí Pẹ́rù padà dé, wọ́n fọ́ ibùdó àwọn onílàjà túútúú. Ẹni tó kú kú, ẹni tó sá sá. Ládépọ̀, tí ọta ti gba itan rẹ̀ kọjá, rá pálá dé ẹ̀yìn ilé opó arúgbó kan tó ń jẹ́ Teúrà. Obìnrin náà kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó tì í sínú kòtò tí wọ́n ń kó gbẹ̀rẹ̀fútù, èso tí wọ́n ń jẹ bí iṣu, sí kó lè kan, ó fi ewé àti òkúta bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ ọ lẹ́nu. Ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún fọ́ ọ. Ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. Ládépọ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú òkùnkùn, pẹ̀lú òórùn kíkan yẹn nímú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ apẹja kan fẹ́ gbé e sá lọ, ó yọ ọ̀bẹ ogun rẹ̀, ó fi ahọ́n kan ojú irin náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ìkòyí-Ilé.

"Ìyá," ó wí, "bí ẹ bá pè mí, bí mo bá wà láyé, màá jẹ́. Bí mo bá gbọ́ tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí irin yìí pa mí."

Teúrà bu omi òkun, ó fi kàn án níwájú orí. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tí kò ní eyín mọ́. "Èmi kì í pe èèyàn lásán," ó wí. "O lè máa lọ."

Ìdí nìyí tí Ládépọ̀ fi jáde sínú yìnyín lọ́jọ́ àpótí náà láìwọ kóòtù, tó sì pe Manahaú lórí fóònù. Manahaú ni ọmọ Teúrà tó kù láyé. Òun ni olórí àwọn ará Tàfàróà tí ogun fọ́n ká sí Toronto. Ládépọ̀ sọ ohun tó rí fún un. Manahaú ní òun yóò jẹ́ kí ìyá òun gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n gbà láti inú Faimánù. Ohùn arúgbó ni. Ó ti fẹ́ tán, bí iná tí epo rẹ̀ ń lọ. "Ẹ bá mi sọ fún ọmọkùnrin inú kòtò yẹn," ohùn náà wí, "pé mò ń pè é."

*

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbìmọ̀, nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Tàfàróà ń lò ní Mississauga, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ṣì ń wọlé lójú fèrèsé kékeré òkè. Wọ́n jókòó yí ká. Àṣà wọn ni pé ẹni tí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀.

Tàfítà ló kọ́kọ́ gbà á. Ọkùnrin alápá gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú Faimánù. "Kí la tún ń gbìmọ̀ lé lórí?" ó wí. "A mọ ilé tí ejò wà. Ẹ jẹ́ ká dáná sun ún."

Hùn-ùn ńlá sọ láàárín gbọ̀ngàn. Àwọn kan lu ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ládépọ̀ nawọ́ gba àjẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ dárí jì mí pé àlejò ni mí. Àwọn èèyàn mi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn tọ̀sán-tòru. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ Filipíìnì, ọmọ Íńdíà. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpótí. Iná kò mọ ẹni tó ṣẹ̀. Tí a bá sun èèyàn kan pẹ́rẹ́, orúkọ Tàfàróà ló jóná yẹn, Pẹ́rù á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín."

"Kí wá ni ká ṣe? Ká máa gbàdúrà?"

"Ká sàga ti ilé ẹrù náà, bí wọ́n ṣe sàga ti Faimánù. Ẹnu ọ̀nà méjì péré ni ọkọ̀ ńlá lè gbà jáde. Ká fi èèyàn dí méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú iná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú irin. Bàálù kì í dúró de ẹrù. Tó bá gbéra láìsí àpótí wọ̀nyẹn, ó di kí wọ́n tún ètò tò, ẹ̀yin lẹ sì mọ ohun tí àwọn ará ilé lè fi àsìkò yẹn ṣe."

Manahaú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkọ̀ apẹja ti wà ní ìpamọ́ ní erékùṣù kejì, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ojú òfurufú yóò dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè kó àwọn ọmọdé àti abiyamọ jáde. Dróònù Pẹ́rù ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹ́ńjìnnì tuntun.

"Ohun kan ṣì kù," Ládépọ̀ wí, kò sì gbé àjẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó ni ilé ẹrù náà, bí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi dé ìlú yìí, a ò mọ ẹnì kankan. Ó fún wa ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, ó fún mi níṣẹ́, ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ìyàwó mi lọ bímọ. Mo ti jẹ iyọ̀ rẹ̀. Mi ò ní gbógun tì í láì jẹ́ kó gbọ́. Màá lọ sọ fún un lójú."

Tàfítà fò dìde láìsí àjẹ̀. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ta ló ń ránṣẹ́ sí ọ̀tá pé òun ń bọ̀?"

"Ní ilẹ̀ wa," Ládépọ̀ dáhùn jẹ́jẹ́, "ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Bí mo bá lè da ẹni tó gbà mí sílé, kí ló fi dá yín lójú pé mi ò ní da ẹ̀yin náà?"

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Níkẹyìn Manahaú gba àjẹ̀, ó fi lélẹ̀ láàárín wọn. "Ìyá mi fi eyín rẹ̀ ra ọkùnrin yìí," ó wí. "Kó lọ sọ fún un. Ṣùgbọ́n Ládépọ̀, tí èyí bá bà wá jẹ́, ìwọ lo máa sọ fún ìyá mi."

*

Ilé Kọ́ládé wà ní Richmond Hill, ilé bíríkì pupa tó ga. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀dàmọ́lá, tó ti di lọ́yà nínú ìlú, ló ṣílẹ̀kùn. "Uncle! You look cold. Daddy's in the living room."

"Dàmọ́lá mi. Ṣé dáadáa ni?"

"I'm good, sir." Ó wojú rẹ̀. "Are *you* good?"

Kọ́ládé ń wo bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ejìká rẹ̀ ṣì fẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ẹrù gba inú òtútù kí ọkọ̀ kan tó di púpọ̀. Bó ṣe rí Ládépọ̀ ló pa tẹlifísàn. "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí! Ọmọ ẹni tí kì í fi ẹ̀yìn gba ọfà! Jókòó. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: àpótí tó fọ́, ẹ́ńjìnnì, kòtò gbẹ̀rẹ̀fútù, ẹnu ìyá arúgbó tí wọ́n fọ́, ohùn tó pè é. Ó sọ pé àwọn ará Tàfàróà yóò wá dí ẹnu ọ̀nà, àti pé òun yóò wà láàárín wọn.

Kọ́ládé gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìjọba fọwọ́ sí ẹrù yẹn," ó wí. "Ìwé rẹ̀ pé. Kí ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó rà á ló mọ̀. Awakọ̀ ni mí. Ṣé èmi ni mò ń ju bọ́ǹbù?"

"Ẹ̀yin kọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ báyìí."

"Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀!" Kọ́ládé dìde. "Lọ́dún tó kọjá, ìdajì ọkọ̀ mi ló dúró. Ẹrù Pẹ́rù yìí ni mo fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ebi. Kàmọ́rù ń bẹ níbẹ̀, ìwọ náà ń bẹ níbẹ̀. Tí mo bá yẹ àdéhùn, ta ló tún máa fún mi lẹ́rù? Wọ́n á ní, ẹ ò rí ọmọ Nàìjíríà yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà sàn jù ẹ́ lọ, Ládépọ̀. Ọlọ́ṣà kì í wá kí èèyàn kó tó jalè." Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mi dà?"

Ládépọ̀ yọ ọ́ nínú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ayọ̀dàmọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàrá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó sin Ládépọ̀ sóde.

Nígbà tó dé ilé, Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń múra láti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Ìdẹ̀ra, ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí ọlọ́pàá bá mú yín ńkọ́? Ṣé ẹ rò ó?"

"Mo rò ó."

"Ẹ rò ó, ẹ sì tún fẹ́ lọ?"

"Fọláyọ̀, bí ìyá yẹn bá ti rò ó, èmi ò ní sí níbí."

Fọláyọ̀ wọ bàtà kejì, ó lọ síbi iṣẹ́, kò kí i pé ó dàárọ̀.

*

Àwọn ará Tàfàróà yan láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí katakata ti wọ́ yìnyín jọ bí ògiri. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn darapọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà. Orin wọn lọ sílẹ̀, ó wúwo, bí ìgbì tó ń lu òkúta. Wọ́n pín ara wọn sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì jókòó.

Ìsàgatì kì í ṣe ohun tí ojú ń fẹ́ rí. Òtútù ló ń pa wọ́n jù. Afẹ́fẹ́ ń gba inú kóòtù wọlé, omi mímu ń dì nínú ìgò, àwọn tó níṣẹ́ ń sáré lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń sáré bọ̀. Ọlọ́pàá dúró sódì kejì títì, wọn kò tí ì sọ nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọjú lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì ni mọ́tò Fọláyọ̀ dé. Kò sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó gbé tíì gbígbóná àti ọ̀rá ìbọ̀sẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àwọn arúgbó, ó ń wo ọmọ ìka wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ra wọ́n títí wọ́n fi pọ́n. Ìgbà tó kan Ládépọ̀, ó gbá a lẹ́sẹ̀ díẹ̀. "Olórí kunkun," ó wí. Ládépọ̀ mọ̀ pé ó ti dárí jì í.

Ọjọ́ tí bàálù yóò gbéra pé. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ ẹrù méjì ti dúró sínú ọgbà, ẹ́ńjìnnì wọn ń kùn, wọ́n tan iná iwájú, wọ́n ń fọn fèrè. Àwọn ará Tàfàróà so ọwọ́ pọ̀. Gbogbo èèyàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì sáré wá sí ti iwájú.

Ládépọ̀ kò so ọwọ́ mọ́ wọn. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n kò sún. Ó sì ti gbọ́ irú ariwo yìí rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ibùdó wọn ní Tàfàróà, iwájú ni Pẹ́rù ti ń pariwo, ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé. Ó wo ojú fèrèsé ọ́fíìsì: Kọ́ládé kò sí níbẹ̀. Kọ́ládé kì í sì í fi ọjọ́ ẹrù ńlá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó pe Ayọ̀dàmọ́lá. "Dàmọ́lá, níbo ni Daddy wà?"

"Uncle, please," ọmọ náà wí. "Please don't ask me that."

Ìyẹn ti tó. Kọ́ládé ní ọgbà ọkọ̀ kékeré kan ní Port Credit, létí adágún, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láyé ijọ́un. Ó yé Ládépọ̀ pé ọkọ̀ kéékèèké ti ń kó àpótí lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí òun ti lọ kìlọ̀ fún un, kí ẹnikẹ́ni tó dé ẹnu ọ̀nà. Láti Port Credit, téèyàn bá kọrí sí Hamilton, pápá ọkọ̀ òfurufú mìíràn wà níbẹ̀ tí bàálù ẹrù ń lò.

Nígbà tó sọ ọ́, Tàfítà gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "Ìwọ lo tà wá! Ìwọ lo lọ sọ fún un!"

"Òótọ́ ni," Ládépọ̀ wí. "Fi mí sílẹ̀ kí n lọ tún un ṣe."

"Màá bá ẹ lọ. Kí n lè máa ṣọ́ ẹ."

Fọláyọ̀ ti ṣíná mọ́tò.

*

Wọ́n dé Port Credit bí géètì ṣe ń ṣí. Àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké wà lórí ilẹ̀ létí adágún, wọ́n fi ọ̀rá funfun wé wọn bí òkú. Àwọn èèyàn ń mu kọfí lẹ́yìn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ ẹrù gbọọrọ kan yọ imú jáde sí ojú títì, Kọ́ládé fúnra rẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀, ó dé fìlà òtútù dé ojú.

Fọláyọ̀ dá mọ́tò rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ládépọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ síwájú ọkọ̀ ńlá náà. Fèrè dún, ó fẹ́ fọ́ etí. Táyà yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì fẹ́ sí Ládépọ̀ lójú. Tàfítà pariwo pé kó sá. Ládépọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀. Ó nà gbalaja sílẹ̀ lórí ojú títì, àyà rẹ̀ kan yìnyín, orí rẹ̀ sún mọ́ táyà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Fèrè dákẹ́. Ọkọ̀ ṣì ń kùn.

Fọláyọ̀ sáré dé, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú omi yìnyín. Tàfítà kò mọ ohun tí èyí jẹ́. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀ ní apá kejì Ládépọ̀, gbogbo apá rẹ̀ gbọọrọ nà sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Wọ́n gbọ́ bàtà Kọ́ládé.

"Ládépọ̀, dìde."

"Mò ń kí yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kí o dìde! Fọláyọ̀, ìwọ náà? Ìwọ tí mo gbé lọ bímọ?"

"Ẹ dákun, sà," Fọláyọ̀ wí. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mi ò lè bá yín jà," Ládépọ̀ wí láti ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé. Mi ò sì lè yà fún yín, torí ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ikú ń pè mí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ̀yìn mi nìyí. Ẹ gbà á kọjá."

Kọ́ládé dúró. Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo Tàfítà. "Ìwọ yìí ńkọ́?" ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ta ni èèyàn rẹ tó wà níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi," Tàfítà wí, kò gbé orí sókè. "Ọmọ mi obìnrin. Ó ń jẹ́ Hina."

Kọ́ládé padà sínú ọkọ̀. Ládépọ̀ di ojú rẹ̀. Ó rò ó pé irin tí òun fi búra ti dé nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì kùn sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Kọ́ládé jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láàárín orúnkún. Wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà kó máa lọ. Ó ní kò ní lọ. Wọ́n gbé Ládépọ̀ àti Tàfítà dìde, wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń mú wọn kọjá, Kọ́ládé sọ̀rọ̀, kò wojú Ládépọ̀.

"Ohun tí o fẹ́ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti òní lọ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

*

Bàálù gbéra láìsí ẹrù. Àwọn tó ni àpótí gbà á lọ́wọ́ Kọ́ládé, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, nígbà tó sì yá, ó rí ọ̀nà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n kó tó dé Pẹ́rù, ojú òfurufú Faimánù dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn ọkọ̀ apẹja wọlé, tí wọ́n jáde, tí wọ́n tún wọlé. Ìyàwó Tàfítà àti Hina wà lára àwọn tó jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì tuntun dé. Ìlú náà ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, nígbà tí yìnyín ń yọ́ ní Toronto.

Wọ́n ti fi Ládépọ̀ sílẹ̀ pé kó máa ti ilé wá jẹ́ ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí yóò ti ẹ̀yìn ẹjọ́ náà wá bá ìwé ìgbélùú wọn. Kọ́ládé ti ta púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, Kàmọ́rù àti àwọn mìíràn ń wá iṣẹ́ kiri. Nígbà tí Ládépọ̀ bá pàdé wọn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń yà sí ọ̀nà mìíràn. Kò bínú sí wọn.

Ọ̀sán Sátidé kan, òun àti Fọláyọ̀ lọ sí Richmond Hill. Ayọ̀dàmọ́lá ṣílẹ̀kùn. Ó di Fọláyọ̀ mọ́ra pẹ́. Ó gbé omi fún wọn, ó sì lọ sókè. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Wọ́n jókòó títí omi inú ife fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fọláyọ̀ fi ojú sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ká máa lọ.

Nígbà náà ni àtẹ̀gùn dún. Kọ́ládé sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ilé, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun láìfá. Ládépọ̀ àti Fọláyọ̀ dìde láti kí i. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá wọn dúró. Kò wọ inú pálọ̀. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó di irin rẹ̀ mú.

"Ìyá yẹn," ó wí. "Ṣé wọ́n rí i gbé jáde?"

Ládépọ̀ mi orí. "Rárá, sà. Ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà kejì. Ìyá ní kí wọ́n fi àyè tòun gbé ọmọ méjì. Manahaú ló pè mí."

Kọ́ládé ń wo ilẹ̀. Ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta ní àdúgbò, ariwo wọn ń wọlé. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, bí ẹni tí eékún ń dùn.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Teúrà, sà."

"Teúrà," Kọ́ládé wí. Ó tún un wí, kó lè pè é dáadáa.